Aago Ta Ni Ímeèlì Ń Kà ní Apapa?

Nígbà tí àwọn ọ́fíìsì Wharf Road ní Apapa bá ṣílẹ̀kùn ní aago mẹ́jọ àárọ̀, aago mẹ́ta ọ̀sán ti lù ní Guangzhou. Ní Mumbai, aago méjìlá ààbọ̀ ni. Ní Lomé, aago méje ṣẹ̀ṣẹ̀ ń lù. Copenhagen ń ka mẹ́jọ bíi ti Èkó tó bá jẹ́ ìgbà òtútù wọn, ó sì ń ka mẹ́sàn-án tó bá jẹ́ ìgbà ooru. Síbẹ̀, bí ájẹ́ǹtì tó ń bá èèyàn gba ẹrù ní wọ́ọ̀fù bá ṣí àpótí ímeèlì rẹ̀, gbogbo lẹ́tà tó ti àwọn ìlú wọ̀nyí wá ti tò tẹ̀léra wọn, aago Èkó ló sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀rọ ló bá a ṣírò rẹ̀, ìṣirò náà sì lọ ní ìdákẹ́jẹ́ débi pé ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀.

Ó yẹ kí wọ́n mọ̀. Ní èbúté, wákàtí kan lè di owó ńlá. Kọ̀ńténà tó bá lò kọjá ọjọ́ tí iléeṣẹ́ ọkọ̀ òkun yọ̀ǹda fún un lọ́fẹ̀ẹ́, owó dẹ́mọ́réèjì ti bẹ̀rẹ̀ sí í gùn ún nìyẹn. Tirélà náà ní àkókò tirẹ̀ lórí Ètò, ìlànà ìpè ọkọ̀ tí Àjọ Èbúté Nàìjíríà gbé kalẹ̀ ní oṣù Kejì ọdún 2021 láti dín súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Apapa kù. Awakọ̀ tó bá pẹ́, ó di dandan kó tún wá àyè míì. Ẹni tó ń bá ọjọ́ àti wákàtí jìjàdù báyìí gbọ́dọ̀ mọ ohun tí aago ẹ̀gbẹ́ ímeèlì ń sọ fún un, kó sì mọ ohun tí kò sọ.

Gbogbo ímeèlì ló ní ìlà kan lórí tí òǹkàwé kì í sábà rí. Date lorúkọ rẹ̀. Ká mú lẹ́tà kan tí oníṣòwò kan ní Guangzhou fi ránṣẹ́ sí Apapa lọ́jọ́ Ẹtì kan. Báyìí ni ìlà náà yóò ṣe rí:

Date: Fri, 15 Mar 2024 16:40:00 +0800

Nọ́ńbà 16:40 ni aago tó wà lára ògiri ní Guangzhou lọ́hùn-ún, ìyẹn aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ kọjá ogójì ìṣẹ́jú. Èyí tó wà lẹ́yìn rẹ̀, +0800, ló gbé ìtumọ̀ rẹ̀ lọ́wọ́: ó ń sọ pé aago ibẹ̀ fi wákàtí mẹ́jọ ṣíwájú UTC, aago ìpìlẹ̀ tí gbogbo ayé fi ń wọn tiwọn. Ètò ímeèlì tó wà ní Apapa yóò yọ mẹ́jọ kúrò, yóò kan 08:40. Yóò wá fi wákàtí kan ti Èkó lé e, yóò sì gbé 09:40 jáde fún òǹkàwé. Outlook ń bi Windows léèrè pé ibo ni òun wà kó tó ṣe é. Gmail ń bi ẹ̀rọ tí wọ́n fi ṣí i. Fóònù ń tẹ̀ lé ibi tí wọ́n tò ó sí. Kò sí èyí tó bi ẹni tó fi lẹ́tà ránṣẹ́, torí pé aago ẹni tó ń kà á ni wọ́n fẹ́ fi hàn.

Kì í ṣe pé ìlànà yìí mọ́ kedere láti ìbẹ̀rẹ̀. Nínú ìwé òfin ímeèlì tí wọ́n ń pè ní RFC 822, tó jáde ní 1982, ààyè wà fún èèyàn láti fi lẹ́tà kan ṣoṣo dúró fún agbègbè aago, bí àwọn ológun ṣe máa ń ṣe. Lẹ́tà A ni ti agbègbè tó fi wákàtí kan ṣíwájú, níbi tí Èkó wà. Ṣùgbọ́n ìwé náà kọ àmì rẹ̀ sódì: ó ní A fi wákàtí kan gbẹ́yìn. Ẹni tó bá fi A kọ aago Èkó nígbà náà, wákàtí méjì gbáko ni yóò fi yàtọ̀ lójú kọ̀ǹpútà tó bá gba ìwé náà gbọ́. Ìwé tó rọ́pò rẹ̀ ní 2001, RFC 2822, jẹ́wọ́ àṣìṣe náà, ó sì ní kí wọ́n má gbára lé àwọn lẹ́tà yẹn mọ́. Nọ́ńbà pẹ̀lú àmì àròpọ̀ tàbí àyọkúrò ni kí gbogbo èèyàn máa kọ. Ìdí nìyẹn tí +0100 fi wà lára lẹ́tà tó bá ti Apapa jáde lónìí.

Ká padà sórí lẹ́tà Guangzhou yẹn, nítorí ó ṣì ní nǹkan míì nínú. Ká sọ pé èsì ni. Ájẹ́ǹtì ní Apapa ló kọ́kọ́ kọ̀wé ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀ kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún, tó ń béèrè ìwé ẹrù. Nígbà tí èsì dé, 9:40 AM ló wà lókè rẹ̀. Ṣùgbọ́n nísàlẹ̀, níbi tí ètò ímeèlì ti máa ń da ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ kọ, ìlà kan wà níbẹ̀ tó ní "On Fri, Mar 15, 2024 at 4:05 PM", tí orúkọ ájẹ́ǹtì fúnra rẹ̀ sì tẹ̀ lé e. Èsì aago mẹ́sàn-án àárọ̀ wá ń dáhùn ìbéèrè aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan náà!

Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan ìwé náà. Ẹ̀rọ tó wà ní Guangzhou ló kọ ìlà yẹn nígbà tí ọ̀gá ibẹ̀ tẹ bọ́tìnnì ìdáhùn, aago Guangzhou ló sì fi kọ ọ́. Láti ìgbà náà, ó ti di ọ̀rọ̀ lásán bí ọ̀rọ̀ yòókù nínú lẹ́tà, kò sì sí ètò kankan tí yóò tún ṣírò rẹ̀ mọ́. Ìgbà míì ọjọ́ gan-an ló máa ń yí: ohun tí èèyàn fi ránṣẹ́ láti Apapa ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, aago kan òru ọjọ́ Àbámẹ́ta ni yóò jẹ́ nínú èsì tó bá ti Ṣáínà wá. Ọ̀gá tí kò mọ bó ṣe rí yóò bi ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ pé kí ló dé tó fi dúró di Àbámẹ́ta kó tó kọ̀wé. Bẹ́ẹ̀, ọmọ iṣẹ́ ò jẹ̀bi.

Aago tí Èkó fúnra rẹ̀ ń kà ní ìtàn, ìtàn náà sì wà nínú ikùn fóònù gbogbo wa. Bí a bá ní ká fi oòrùn orí Èkó ka aago, Èkó yóò fi ìṣẹ́jú 13 àti ìṣẹ́jú àáyá 35 ṣíwájú Greenwich. Lọ́jọ́ 1 oṣù Keje ọdún 1905, ìjọba amúnisìn pa oòrùn Èkó tì, wọ́n mú aago Greenwich. Nígbà tó di 1 oṣù Keje 1908, wọ́n padà sí ti oòrùn. Lọ́jọ́ 1 oṣù Kìn-ín-ní 1914, ọjọ́ kan náà tí wọ́n so Àríwá àti Gúúsù Nàìjíríà pọ̀, wọ́n gbé e sí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú géérégé. Níkẹyìn, lọ́jọ́ 1 oṣù Kẹsàn-án 1919, wọ́n gbé e sí wákàtí kan, kò sì tíì yẹsẹ̀ láti ìgbà náà. Èbúté Apapa, tí iṣẹ́ ìkọ́lé rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1921, kò tíì lo aago míì rí.

Àwọn ọjọ́ wọ̀nyí wà nínú àkójọ kan tí ọmọ Amẹ́ríkà kan, Arthur David Olson, bẹ̀rẹ̀ láàárín àwọn ọdún 1980, tí àjọ IANA sì ń tọ́jú láti 2011. Inú rẹ̀ ni Android, iPhone àti àìmọye kọ̀ǹpútà ti ń wo aago ìlú kọ̀ọ̀kan. Africa/Lagos ni wọ́n kọ ti wa sí, àwọn ìlú púpọ̀ ló sì fẹ̀yìn ti Èkó níbẹ̀: Porto-Novo, Niamey, Douala, Libreville, Kinshasa, Luanda. Ẹni tó bá gba Sẹ̀mẹ̀ kọjá sí Kútọnu kò ní yí aago rẹ̀ padà. Ṣùgbọ́n tó bá kọjá Hilla-Condji wọ Tógò, ó ti padà sẹ́yìn ní wákàtí kan, ìyẹn sì kan Apapa gbọ̀ngbọ̀n, torí pé ọ̀pọ̀ kọ̀ńténà tó ń wọ Èkó ni ọkọ̀ ńlá ti kọ́kọ́ já sí Lomé.

Nàìjíríà kì í sún aago síwá-sẹ́yìn láàárín ọdún. Àwọn kan lára àwọn tí Èkó ń bá ṣòwò ló ń sún un. Yúróòpù ń yí tiwọn lọ́jọ́ Àìkú tó kẹ́yìn oṣù Kẹta àti ti oṣù Kẹwàá. Amẹ́ríkà ń ṣe é lọ́jọ́ Àìkú kejì oṣù Kẹta àti èyí àkọ́kọ́ nínú oṣù Kọkànlá, nítorí náà ọ̀sẹ̀ bíi méjì sí mẹ́ta máa ń wà ní oṣù Kẹta tí Amẹ́ríkà ti yí tí London kò tíì yí. Íjíbítì dá tiwọn padà ní 2023 lẹ́yìn ọdún mélòó kan tí wọ́n ti pa á tì. Ní Lẹ́bánónì, oṣù Kẹta ọdún kan náà, ìjọba ní àwọn kò ní yí aago títí Ramadan yóò fi parí, àwọn ìjọ Màrónáìtì ní àwọn kò gbà, aago méjì wá ń ṣiṣẹ́ ní orílẹ̀-èdè kan ṣoṣo fún ọjọ́ mélòó kan kí ìjọba tó yí ìpinnu náà padà. Fóònù tó ti gba ìròyìn ń ka ọ̀kan, fóònù tí kò gbà ń ka èkejì. Ètò ímeèlì kò ju àkójọ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ.

Ní Ajegunle, ní ẹ̀gbẹ́ Boundary níbi tí Apapa parí sí, àwọn tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe máa ń bá àìsàn kan pàdé léraléra. Láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ ni. Ó ti Amẹ́ríkà wá, ó sì gbé agbègbè aago tí wọ́n tò sínú rẹ̀ lọ́hùn-ún wọ̀lú: Pacific Time, tó fi wákàtí mẹ́jọ gbẹ́yìn UTC nígbà òtútù. Ẹni tó rà á tàn án ní aago mẹ́wàá àárọ̀, ó rí i pé aago kan òru ló ń kà. Kí ló ṣe? Ó fọwọ́ fa aago náà wá sí mẹ́wàá, ó sì gbà pé ó ti parí.

Kò tíì parí rárá. Lójú kọ̀ǹpútà yẹn, aago mẹ́wàá tí wọ́n fà á wá sí ni aago mẹ́wàá California, tó jẹ́ aago méje alẹ́ ní Èkó. Bó bá fi Outlook tàbí Thunderbird kọ lẹ́tà, 10:00 -0800 ni yóò wà lórí ìlà Date. Ẹni tó gbà á ní èbúté Tin Can, tí ètò tirẹ̀ ń wo ìlà yẹn, yóò rí lẹ́tà àárọ̀ tó ní aago méje alẹ́ ni wọ́n kọ òun, nígbà tí alẹ́ ò tíì lẹ́. Lẹ́tà náà yóò sì jókòó sórí gbogbo lẹ́tà yòókù láti àárọ̀ dalẹ́. Àwọn lẹ́tà tó ń wọlé náà kò ní bọ̀ sípò: èyí tó dé ní aago mẹ́wàá Èkó, aago kan òru ni yóò máa fi hàn, nítorí pé agbègbè ni ètò fi ń ṣírò, kì í ṣe aago tí wọ́n fọwọ́ fà. Tí olówó láptọ́ọ̀pù bá wá ní kí ẹ̀rọ máa tún aago ara rẹ̀ ṣe láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, yóò fò padà sí aago kan òru, òun náà yóò tún fà á. Ọ̀nà àbáyọ kò ju pé kí wọ́n yí agbègbè náà padà, kí wọ́n sì fi aago sílẹ̀ fún íntánẹ́ẹ̀tì.

Níbi yíyí agbègbè náà, ọ̀fìn kejì wà. Èèyàn yóò wá Lagos nínú àtòjọ Windows, kò ní rí i. Ó mọ̀ pé +01:00 ni Nàìjíríà, ó sì rí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ Amsterdam àti Berlin, ó tẹ ìyẹn. Láti oṣù Kẹwàá títí di oṣù Kẹta, kò sí ohun tó ṣe é. Ṣùgbọ́n ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú tó kẹ́yìn oṣù Kẹta, kọ̀ǹpútà náà bá àwọn ará Berlin lọ sí ìgbà ooru, gbogbo lẹ́tà tó bá wọlé láti ìgbà náà sì di ti wákàtí kan lẹ́yìn ìgbà tí wọ́n dé. Èyí tó yẹ kí ará Èkó tẹ̀ ni West Central Africa. Gbólóhùn kan péré ni, ó sì yẹ kí gbogbo ẹni tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe láti Boundary dé Tolu mọ̀ ọ́n sórí.

Bí ẹ̀rọ bá tò dáadáa tán, ó ku ọ̀rọ̀ inú lẹ́tà, níbi tí ẹ̀rọ kò lè ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ẹnì kan ní Copenhagen kọ̀wé pé kí wọ́n fi àkọsílẹ̀ ìwọ̀n kọ̀ńténà ránṣẹ́, èyí tí òfin àgbáyé SOLAS sọ di dandan láti 1 oṣù Keje 2016, kó tó di aago márùn-ún ọjọ́ Ẹtì. Aago márùn-ún ta ni? Aago tó wà lókè lẹ́tà ti yí padà sí aago Èkó, ṣùgbọ́n "aago márùn-ún" tó wà nínú lẹ́tà dúró bó ṣe wà. Ní oṣù Kìn-ín-ní, márùn-ún Copenhagen ni márùn-ún Èkó. Ní oṣù Keje, aago mẹ́rin Èkó ni, ájẹ́ǹtì tó bá sì dúró di mẹ́rin ààbọ̀ ti pẹ́. Tó bá jẹ́ Lomé ló kọ ọ́, aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń wí. Tó bá jẹ́ Houston, níbi tí mọ́tò tòkunbọ̀ ti ń wá, aago mọ́kànlá alẹ́ ni nígbà ooru wọn. Nígbà òtútù, aago méjìlá òru ni, ọjọ́ Àbámẹ́ta ti wọlé. Ó sì lè jẹ́ pé aago èbúté Èkó gan-an ni ẹni náà ní lọ́kàn. Ká béèrè ló dára jù, ká sì béèrè nínú ìwé.

Àwọn òǹtẹ̀ míì tún wà lókè ìlà Date. Gbogbo kọ̀ǹpútà tí lẹ́tà bá gbà kọjá lójú ọ̀nà ló ń lu òǹtẹ̀ tirẹ̀ lé e, Received lorúkọ òǹtẹ̀ náà, èyí tó kẹ́yìn ló sì wà lókè pátápátá. Nínú Gmail, "Show original" ni wọ́n ń tẹ̀ kí wọ́n tó rí wọn. Láti ìsàlẹ̀ lọ sókè ni kí èèyàn máa kà wọ́n. Lọ́jọ́ 14 oṣù Kẹta 2024, nígbà tí àwọn wáyà abẹ́ òkun WACS, MainOne, ACE àti SAT-3 bàjẹ́ lẹ́bàá etíkun Côte d'Ivoire, íntánẹ́ẹ̀tì dákú káàkiri Nàìjíríà. Nínú irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, aago tí wọ́n kọ lẹ́tà àti aago tó dé lè fi ọ̀pọ̀ wákàtí jìnnà síra. Ẹni tó ń wo Date nìkan yóò ní ẹnì kejì gba lẹ́tà lásìkò, kò kàn dáhùn ni. Òǹtẹ̀ Received ni yóò jẹ́rìí ibi tí lẹ́tà há sí. Thunderbird àti Outlook ní ààyè fún èèyàn láti rí ìgbà tí wọ́n fi ránṣẹ́ àti ìgbà tó wọlé lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ó dára kí ọ́fíìsì wọ́ọ̀fù ṣí méjèèjì sílẹ̀.

Ẹ̀rù jìbìtì ń ba gbogbo oníṣòwò Apapa, kò sì burú bí wọ́n bá ń yẹ ìwé wò. Ṣùgbọ́n ẹni tó kọ́kọ́ rí òǹtẹ̀ tó ní -0700 (PDT) nínú lẹ́tà tí oníbàárà rẹ̀ kọ láti Aba lè pariwo pé ará Amẹ́ríkà ló ń gbìmọ̀ ibi. Kò rí bẹ́ẹ̀. Aago California ni kọ̀ǹpútà Google sábà máa ń fi lu òǹtẹ̀ wọn, ibi yòówù kí lẹ́tà ti wá. Nọ́ńbà tó yẹ kí ojú wà lára rẹ̀ ni ti ìlà Date: bí oníṣòwò Guangzhou tó ti ń kọ +0800 látọjọ́ yìí bá ṣàdédé fi lẹ́tà ránṣẹ́ pẹ̀lú nọ́ńbà míì, tó sì ní kí wọ́n sanwó sí àkáǹtì tuntun, kí wọ́n gbé fóònù pè é kí owó tó jáde. Nọ́ńbà náà kì í ṣe ẹ̀rí jìbìtì. Ó lè jẹ́ pé ọkùnrin náà rìnrìn àjò ni. Bẹ́ẹ̀ sì ni +0800 kì í ṣe ẹ̀rí òtítọ́, torí pé ẹ̀rọ tó fi lẹ́tà ránṣẹ́ ló ń kọ ìlà Date fúnra rẹ̀.

Ibi tí gbogbo rẹ̀ ti ń le jù ni kóòtù. Abẹ́ Ilé Ẹjọ́ Gíga Àpapọ̀ ni òfin ilẹ̀ Nàìjíríà fi ọ̀rọ̀ ọkọ̀ òkun sí, abala 84 nínú Òfin Ẹ̀rí ọdún 2011 sì gbà kí wọ́n mú ìwé tó jáde láti inú kọ̀ǹpútà wá síwájú adájọ́, bí ìwé ẹ̀rí bá wà pé kọ̀ǹpútà náà ń ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ. Wàyí o, lọ́yà ti Apapa tẹ lẹ́tà kan jáde, 09:40 ló wà lórí rẹ̀. Lọ́yà oníṣòwò òkè òkun tẹ lẹ́tà kan náà jáde, 16:40 ló wà lórí tirẹ̀. Òótọ́ ni àwọn méjèèjì ń sọ. Ṣùgbọ́n bí kò bá sí ẹni tó mú ìlà Date lódindi wá, pẹ̀lú +0800 rẹ̀, irọ́ ni yóò dà lójú ilé ẹjọ́. Tí ọ̀kan nínú àwọn kọ̀ǹpútà náà bá sì jẹ́ tòkunbọ̀ tó ṣì wà ní California nínú lọ́hùn-ún, lọ́yà tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ yóò béèrè bóyá èyí ni wọ́n ń pè ní kọ̀ǹpútà tó ń ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ.

Kò sí èyí tó le nínú ohun tó yẹ ní ṣíṣe, kò sì gba owó. Ẹgbẹ́ àwọn ájẹ́ǹtì, ANLCA àti NAGAFF, lè fi kún ohun tí wọ́n fi ń kọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ tuntun. Kí wọ́n to agbègbè aago sí West Central Africa lórí Windows, sí Lagos lórí fóònù. Kí wọ́n tọ́jú lẹ́tà pàtàkì lódindi, pẹ̀lú gbogbo òǹtẹ̀ rẹ̀, dípò kí wọ́n kàn ya fọ́tò ojú fóònù. Bí ọ̀rọ̀ gbèdéke bá sì wà nínú lẹ́tà tí wọ́n ń kọ, kí wọ́n dárúkọ ìlú mọ́ aago, kí wọ́n sì fi nọ́ńbà rẹ̀ tì í lẹ́yìn: aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ Èkó, ọjọ́ Ẹtì, 17:00 UTC+1. Ẹni tó bá kà á ní Guangzhou yóò mọ̀ pé òun ní àsìkò títí di aago méjìlá òru.